Àpótí Àsíá Olóògbé: Ìdáhùn sí Lẹ́tà Bàbá Kan

Inú lẹ́tà kan ni ọ̀rọ̀ tí a óò jọ yẹ̀ wò lónìí ti wá. Bàbá àgbàlagbà kan tí wọ́n ń gbé ní ìhà Àríwá níhìn-ín, tí wọ́n sì fi iṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà tọ́ gbogbo ọmọ wọn, ni wọ́n kọ ọ́ sí wa. Wọ́n gbà wá láyè láti sọ̀rọ̀ lé e lórí, níwọ̀n bí a kò bá ti dárúkọ wọn.

Ohun tí ó wà nínú lẹ́tà náà nìyí ní ṣókí. Ọmọkùnrin wọn kan lọ sí ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ó wọ iṣẹ́ ológun níbẹ̀, ó di ọmọ orílẹ̀-èdè náà, ó sì sìn títí ó fi fẹ̀yìn tì. Bàbá kò fọwọ́ sí i nígbà tí ó fẹ́ wọ iṣẹ́ náà. Ọmọ náà ti dolóògbé báyìí. Àìsàn ni ó pa á, kì í ṣe ogun. Wọ́n sin ín sí itẹ́ àwọn ológun ní ìpínlẹ̀ Texas, wọ́n ká àsíá tí ó bo pósí rẹ̀, wọ́n sì fi í lé ìyàwó rẹ̀ lọ́wọ́. Ọmọ tí ó fi sílẹ̀, tí kò tíì pé ogún ọdún, ń fẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ kan àpótí onígi tí àsíá náà yóò máa wà. Ó tẹ Bàbá láago, ó ní, "Bàbá àgbà, ẹ jọ̀ọ́, báwo ni a ṣe ń gé igi fún àpótí onígun mẹ́ta?" Bàbá kò tíì fún un lésì. Ìbéèrè mẹ́ta ni wọ́n kọ ránṣẹ́ sí wa. Èkíní, kí ni àsíá yìí já mọ́ tí a ó fi kọ́ ilé fún un? Èkejì, ṣé kì í ṣe ère ni wọ́n fẹ́ gbé kalẹ̀ sínú ilé onígbàgbọ́? Ẹ̀kẹta, bí ó bá níyì tó bẹ́ẹ̀, ṣé kì í ṣe ilé bàbá tí ó bí ọmọ ni ó yẹ kí ó wà?

Bàbá, ẹ ṣeun tí ẹ kọ̀wé. Ẹ̀yin nìkan kọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí bá. Àwọn ọmọ wa tí ó wọ iṣẹ́ ológun ní òkè òkun ti ń pọ̀ sí i, ọ̀pọ̀ ìdílé ni irú àsíá bẹ́ẹ̀ yóò sì dé bá lọ́jọ́ kan. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a dáhùn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Àṣà fífi àsíá bo òkú ológun ti pẹ́. Àwọn ará Amẹ́ríkà fúnra wọn a máa tọ́ka rẹ̀ sí àwọn ogun ayé Napoleon ní ilẹ̀ Yúróòpù, láàárín ọdún 1796 sí 1815, nígbà tí a ń fi àsíá bo àwọn tí ó ṣubú bí a ti ń gbé wọn kúrò lójú ogun. Lónìí, ẹ̀ka ìjọba Amẹ́ríkà tí ń bójú tó àwọn ológun àtijọ́ ni ó ń fi àsíá náà fún ẹbí olóògbé, láìgba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wọn. Kì í ṣe ẹni tí ó kú sójú ogun nìkan ni ó tọ́ sí. Ẹni tí ó sìn, tí a kò sì lé kúrò nínú iṣẹ́ pẹ̀lú ìtìjú, tọ́ sí i pẹ̀lú. Aṣọ ńlá ni: ìbú rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 5, gígùn rẹ̀ sì jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 9 àti ààbọ̀. Bí wọ́n bá tẹ́ ẹ sórí pósí, apá aláwọ̀ búlúù tí ìràwọ̀ wà ni yóò wà ní ìhà orí, lókè èjìká òsì olóògbé. Òfin wọn kò gbà kí a sọ ọ́ kalẹ̀ sínú ibojì, kò sì gbà kí ó fi ara kan ilẹ̀.

Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2000 ni òfin ti sọ ọ́ di dandan pé, bí ẹbí bá béèrè fún un, ó kéré tán ológun méjì gbọ́dọ̀ wá síbi ìsìnkú. Àwọn ni yóò ká àsíá, tí wọn yóò sì fi í lé ẹbí lọ́wọ́, a ó sì fun fèrè ìdágbére. Wọn kì í sáré ká a. Wọn a kọ́kọ́ ṣẹ́ ẹ po lẹ́ẹ̀mejì ní gígùn, lẹ́yìn náà wọn a bẹ̀rẹ̀ láti ìhà ìlà pupa àti funfun, wọn a máa yí i ní onígun mẹ́ta dé ìhà ìràwọ̀. Ìṣẹ́po 13 ni wọ́n máa ń kà. Ẹlòmíràn a máa fún ìṣẹ́po kọ̀ọ̀kan ní ìtumọ̀ tirẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí ìjọba fọwọ́ sí nínú àwọn ìtumọ̀ wọ̀nyí. Nígbà tí iṣẹ́ bá parí, pupa àti funfun kò hàn mọ́. Kìkì búlúù pẹ̀lú ìràwọ̀ ni ojú ń rí. Ológun kan yóò wá kúnlẹ̀ tàbí kí ó tẹ̀ ba níwájú opó, yóò sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní orúkọ ààrẹ àti ti orílẹ̀-èdè, nítorí iṣẹ́ tí olóògbé ṣe.

Ẹ ṣàkíyèsí ohun kan, Bàbá. Àsíá kan ṣoṣo ni òfin yọ̀ǹda fún ológun àtijọ́ kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá jóná, bí ó bá sọnù, bí eku bá jẹ ẹ́, ìjọba kò ní fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń kan àpótí fún un. Ọmọ-ọmọ yín kò ṣe àṣejù. Ohun tí kò ní ìkejì ni ó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ń wá ọ̀nà tí kò fi ní bàjẹ́.

Ìbéèrè kejì: ṣé ère ni? Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí Ìjọ Mímọ́ ń ṣe ní Amẹ́ríkà gan-an. Bí pósí ológun Kátólíìkì bá dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, wọn a ká àsíá kúrò lórí rẹ̀. Aṣọ funfun ni wọn a fi bò ó, èyí tí ń rán wa létí aṣọ ìrìbọmi rẹ̀. Abẹ́ aṣọ funfun yìí ni òkú yóò wà títí Mísà yóò fi parí. Bí wọ́n bá tún ń jáde lọ sí itẹ́, wọn a ká aṣọ funfun, àsíá a sì padà sórí pósí. Níwájú pẹpẹ, ọ̀gágun àti ọmọ ogun lásán, olówó àti tálákà, ọmọ Ọlọ́run ni gbogbo wọn, kò sí àsíá tí ó ya ọ̀kan sọ́tọ̀. Lójú pópó àti ní ẹ̀bá ibojì, orílẹ̀-èdè lè dúpẹ́ oore. Ìjọ kò sọ pé kí wọ́n ju àsíá nù, kò sì gbà kí ó gba ipò tí kì í ṣe tirẹ̀.

Bí àpótí náà ṣe yẹ kí ó rí nínú ilé nìyẹn. Àwa Yorùbá ń dọ̀bálẹ̀ fún àgbà, a kò sì sọ pé à ń bọ àgbà. Ọ̀wọ̀ yàtọ̀ sí ìjọsìn. Kí wọ́n má tan àbẹ́là síwájú rẹ̀ bí ẹni pé òkú ń gbé inú rẹ̀, kí wọ́n má sì gbàdúrà sí i. Kí wọ́n gbàdúrà fún ọkàn olóògbé lọ́dọ̀ Ọlọ́run, kí wọ́n sì tọ́jú àsíá bí ẹ̀rí ìgbésí ayé rẹ̀. Bí wọ́n bá ṣe èyí, kò sí ère níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wá sórí iṣẹ́ ọwọ́ náà, nítorí ìbéèrè tí ọmọ náà bi yín kò yẹ kí ó ṣubú lulẹ̀. Gbẹ́nàgbẹ́nà ni yín, Bàbá, n kò sì ní ohun kan láti kọ́ yín nípa igi. Síbẹ̀ mo wádìí, kí ẹ lè mọ irú ìṣòro tí ó wà níwájú ọmọ yìí.

Ìṣòro àkọ́kọ́ ni ti ìwọ̀n. Ìbú àsíá náà jẹ́ íńṣì 60. Bí a bá ṣẹ́ ẹ po lẹ́ẹ̀mejì, ó di íńṣì 15. Ọ̀dọ́mọdé lè rò pé íńṣì 15 náà ni ìhà kúkúrú kọ̀ọ̀kan yóò jẹ́. Kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí pé aṣọ ní nínípọn, bí a sì ti ń yí i ni ó ń wú sí i. Bí ọwọ́ ẹni tí ó ká a ti le tó ni yóò sọ bí yóò ti tóbi tó. Nítorí náà, kí ó má ṣe gba ìwọ̀n ẹlòmíràn gbọ́. Kí ó gbé àsíá bàbá rẹ̀ sórí tábìlì tí ó mọ́ bí wọ́n ti ká a, láìtú u, kí ó wọn ìhà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta àti nínípọn rẹ̀, kí ó sì fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ yípo.

Ìṣòro kejì ni ti igun, òun gan-an ni ọmọ náà béèrè. Igun òkè jẹ́ ìwọ̀n 90. Igun ìsàlẹ̀ méjèèjì jẹ́ ìwọ̀n 45, 45. Igi méjì ni ó ń pàdé ní igun kọ̀ọ̀kan, wọn yóò sì pín igun náà láàárín ara wọn. Ní òkè, a óò gé etí igi kọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀n 45, èyí tí gbogbo ọmọṣẹ́ mọ̀. Ní ìsàlẹ̀, ìwọ̀n 22 àti ààbọ̀ ni, etí igi yóò sì ṣẹ́ṣẹ́ bí ẹnu ọ̀bẹ. Níbẹ̀ ni iṣẹ́ ti ń le. Ọ̀pọ̀ ayùn oníná orí tábìlì kì í tẹ̀ ju ìwọ̀n 45 lọ. Wọn a ní láti gbé igi náà nàró, kí wọ́n dì í mọ́ igi ìdúró kan tí ó gún régé, kí wọ́n tó lè gé e láìléwu. Bí igun kan bá sì fi ìwọ̀n kan péré yàtọ̀, ibòmíràn ni àlàfo yóò ti yọ. Ẹ sọ fún un pé kí ó kọ́kọ́ gé e lára igi tí kò níyelórí, kí ó tò ó pọ̀ láìfi gọ́ọ̀mù sí i, kí ó wò ó lójú oòrùn bóyá ìmọ́lẹ̀ ń yọ láàárín. Nígbà tí ó bá fẹ́ lẹ̀ ẹ́, nǹkan onígun mẹ́ta kì í dúró dè ìdè lásán; rọ́bà inú táyà tí a là gígùn, tí a sì wé yí i ká, yóò fún ìhà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀yin mọ èyí jù mí lọ.

Ìṣòro kẹta ni ti igi fúnra rẹ̀. Igi óákù lẹ́wà, ó sì le, àwọn ará Amẹ́ríkà sì fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó wà lára àwọn igi tí afẹ́fẹ́ kíkan ń jáde láti inú wọn, díẹ̀díẹ̀ ni afẹ́fẹ́ náà sì ń ba òwú jẹ́. Igikígi tí ó bá lò, kí ó kun inú rẹ̀ dáadáa, kí ó fi í sílẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan títí òórùn ọ̀dà yóò fi tán pátápátá, kí ó sì fi páálí tí kò ní ásíìdì àti aṣọ òwú funfun tí a ti fọ̀ tẹ́ inú rẹ̀, kí àsíá má bàa fara kan igi. Kí gíláàsì iwájú má lẹ̀ mọ́ àsíá, nítorí pé ọ̀rinrin a máa há sáàárín wọn. Kí ó wá irú gíláàsì tí ń dí apá ìmọ́lẹ̀ oòrùn tí ń mú àwọ̀ ṣá, kí ó sì gbé àpótí náà kọ́ sára ògiri tí oòrùn kì í là sí, tí ó jìnnà sí èéfín ilé ìdáná. Kí ó má gún àmì ẹ̀yẹ bàbá rẹ̀ mọ́ àsíá, nítorí pé irin a máa dípẹtà. Kí ó ṣe àyè fún wọn lọ́tọ̀. Pátákó ẹ̀yìn, kí ó má kàn án pa. Sukúrù ni kí ó fi dè é, kí a lè máa ṣí i wò bóyá kòkòrò ti wọ ibẹ̀.

Ẹnìkan lè sọ pé gbogbo wàhálà yìí ti pọ̀ jù. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní òkú kò mọ iye tí a ra agọ̀. Òótọ́ ni. Bí olóògbé náà bá ń gbọ́ wa, kì í ṣe igun àpótí ni ó jẹ ẹ́ lógún. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń fi ayùn gé igi náà ṣì wà láàyè. Ọmọ tí bàbá rẹ̀ kú kò tíì mọ bí a ti ń ṣọ̀fọ̀. Ẹnu rẹ̀ kò gba ọ̀rọ̀, omijé sì ń tì í lójú. Nígbà tí ó bá ń wọn igi, tí ó ń gé e, tí kò bá a mu, tí ó tún ń gé òmíràn, ọ̀fọ̀ ni ó ń ṣe. Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Ìwọ̀n àti igun ni ojú tí ọmọ náà fi ń ríran nínú ẹkún rẹ̀. Bàbá, ó lè ra àpótí náà ní ọjà. Wọ́n ń tà á káàkiri níbẹ̀. Kò rà á. Ẹ̀yin ni ó tẹ̀ láago.

Èyí gbé wa dé ìbéèrè kẹta, èyí tí mo rò pé òun ni ó wúwo jù lọ́kàn yín. Ta ni ó ni àsíá náà? Òfin wọn là á sílẹ̀ pé ọkọ tàbí aya olóògbé ni a óò kọ́kọ́ fún, lẹ́yìn náà àwọn ọmọ, lẹ́yìn náà àwọn òbí. Bí ọmọ bá kú sẹ́nu iṣẹ́ ológun, àwọn òbí a máa gba àsíá tiwọn lọ́tọ̀. Ọmọ yín ti fẹ̀yìn tì kí ó tó kú, nítorí náà àsíá kan ṣoṣo ni ó wà, ti opó rẹ̀ sì ni.

N kò ní fi ọ̀rọ̀ pa mọ́, Bàbá. Ní ilẹ̀ wa, a ti rí i tí ẹbí ọkọ wọ ilé opó, tí wọ́n kó ẹrù, tí wọ́n kó ìwé ilẹ̀, tí wọ́n ní àwọn ni wọ́n bí ẹni tí ó kú. Ìjọ ti ń kígbe lòdì sí ìwà yìí, èmi náà kò sì ní dákẹ́. Mo mọ̀ pé ẹ kò ní irú èrò bẹ́ẹ̀ lọ́kàn. Àmọ́ bí ẹ bá ní kí wọ́n fi àsíá náà ránṣẹ́ wá sílé, ẹ ó gba ohun kan ṣoṣo tí a fi dá obìnrin yìí lọ́lá ní ọjọ́ tí ó burú jù ní ayé rẹ̀, ẹ ó sì gba igi lọ́wọ́ ọmọ-ọmọ yín. Àsíá yìí kì í ṣe ogún tí a ń pín. Ẹ fi í sílẹ̀ níbẹ̀.

Lẹ́tà yín sọ pé àsíá náà kì í ṣe ti ilẹ̀ wa, pé ìlú onílùú ni ọmọ yín lọ sìn. Mo gbọ́ ìrora inú ọ̀rọ̀ náà. Síbẹ̀, ẹ rántí àwọn àgbà tí a bá láyé. Ẹgbẹ́ ọmọ ogun Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà méjì, èyí tí a fi 81 àti 82 dárúkọ, jà ní ilẹ̀ Burma ní ọdún 1944 àti 1945, àwọn ọmọ Nàìjíríà sì pọ̀ nínú wọn. Abẹ́ àsíá ọba Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n wà. Ọ̀pọ̀ wọn sùn sínú igbó ibẹ̀. A kò sọ pé wọ́n ti di ọmọ ẹlòmíràn nítorí àsíá tí wọ́n tẹ̀lé. Ọmọ wa ni wọ́n. Ọmọ yín náà, ọmọ yín ni. Àìgbọ́raẹni-yé tí ó wà láàárín ẹ̀yin àti òun lórí iṣẹ́ náà, ẹ fi lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Ẹ má jẹ́ kí ó kọjá sórí ọmọ rẹ̀.

Ohun tí mo bẹ̀ yín láti ṣe nìyí. Ẹ pe ọmọ náà padà. Ẹ ṣàlàyé igun ìsàlẹ̀ náà fún un títí yóò fi yé e, àní bí ó bá gba ọjọ́ mélòó kan. Àwọn ará ibẹ̀ a máa fi irin pẹlẹbẹ kékeré síwájú irú àpótí bẹ́ẹ̀, tí ipò olóògbé nínú iṣẹ́ ológun wà lára rẹ̀. Ìyẹn dára. Ṣùgbọ́n ẹ ní kí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ gbogbo orúkọ tí ẹ sọ bàbá rẹ̀ ní ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, pẹ̀lú oríkì rẹ̀, sí inú pátákó ẹ̀yìn. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ṣí àpótí náà lọ́jọ́ iwájú yóò mọ ilé tí ọkùnrin náà ti wá. Nígbà tí iṣẹ́ bá parí, kí wọ́n ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí yín, kí ẹ gbé e kọ́ sí yàrá àlejò yín. Lẹ́yìn náà, kí ẹ wá bá wa, kí a rú Ẹbọ Mísà fún ìsinmi ọkàn ọmọ yín. Ọ̀rọ̀ àgbà kan ní gbẹ́nàgbẹ́nà ti ṣe tirẹ̀ tán, ó ku ti gbẹ́nugbẹ́nu. Ní ti ọ̀rọ̀ yìí, èmi gbẹ́nugbẹ́nu ni mo ti ṣe tèmi. Ó ku ti ẹ̀yin gbẹ́nàgbẹ́nà.

Ẹ̀yin olùgbọ́ mi yòókù, ẹ má rò pé Bàbá yìí nìkan ni a ń bá wí. Ní ọjọ́ 15 oṣù kìíní lọ́dọọdún ni Nàìjíríà ń rántí àwọn ológun tirẹ̀ tí ó ti kú. Àsíá aláwọ̀ ewé àti funfun ni a fi ń bo pósí tiwọn. Àwọn opó wọn ń gbé láàárín wa, ní àdúgbò wa, ní ìjókòó ẹ̀yìn nínú ṣọ́ọ̀ṣì wa. Àmì ẹ̀yẹ ọkọ ẹlòmíràn wà nínú ọ̀rá lábẹ́ ibùsùn, tí ìpẹtà ti ń jẹ ẹ́. Ẹ lọ kí wọn. Ẹ ní kí wọ́n gbé e jáde, kí wọ́n sọ ìtàn rẹ̀ fún àwọn ọmọ. Bí gbẹ́nàgbẹ́nà bá wà nínú ìjọ yín, ẹ jẹ́ kí ó kan àpótí kékeré fún wọn. Kí ẹ tó dìde kúrò níbẹ̀, ẹ bi wọ́n bóyá owó ilé ìwé àwọn ọmọ ti pé. Àpótí tí ó dára jù lọ kò lè gbọ́ bùkátà aláìníbaba.

Kí Ọlọ́run Olódùmarè fún gbogbo àwọn olóògbé wa ní ìsinmi ayérayé, kí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ tí kì í kú máa tàn sí wọn. Kí ó tu àwọn opó àti àwọn ọmọ aláìníbaba nínú, kí ó sì bùkún iṣẹ́ ọwọ́ àwọn tí ń ṣọ̀fọ̀. Ní orúkọ Bàbá, àti ti Ọmọ, àti ti Ẹ̀mí Mímọ́. Àmín. Ó dìgbà ó ṣe.